Okùn Ń Wọn Etí, Ebè Ń Wọn Inú: Ìtàn Ilẹ̀, Yàrà àti Fẹ́ǹsì ní Ìlá

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn fóònù yín sókè díẹ̀. Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpè kan tí màmá mi pè mí láti Ìlá Ọ̀ràngún.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá bàbá yín o. Wọ́n ní ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyàwó méjì ni bàbá bàbá mi fẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì la ń gbà pín ogún: orí-ojorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú tirẹ̀, àti ìdí-igi, tí a ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé. Ìdí-igi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 1958 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ẹjọ́ náà sì dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀ náà. Ìdí-igi méjì ló wà nílé wa, nítorí náà ọ̀nà méjì dọ́gbadọ́gba ni kí a pín ilẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ń ṣojú ìdí-igi kìíní. Bàbá mi ti lọ, èmi àti àwọn àbúrò mi la ni ìdí-igi kejì.

Alágbàtà ilẹ̀ kan wá, ó ta téèpù. Ti Bàbá Àgbà: iwájú 100 fíìtì, ẹ̀gbẹ́ 210, ẹ̀yìn 100, ẹ̀gbẹ́ kejì 210. Tiwa: 100, 210, 100, 210. Bí èèyàn bá fi okùn yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn po, 620 fíìtì ni. Ọkùnrin náà sọ 100 di ìlọ́po 210, ó ní 21,000 fíìtì onígun mẹ́rin ni ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbà. (Fíìtì onígun mẹ́rin kan ni àyè tó gùn ní fíìtì kan, tó sì fẹ̀ ní fíìtì kan.) Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pa obì, ó parí.

Ṣùgbọ́n kò parí lójú màmá mi. Kí owó fẹ́ǹsì tó jáde, ilé méjèèjì ní kí wọ́n fi iṣu sí ilẹ̀ náà fún ọdún kan. Alágbàṣe kan náà ló kọ ebè sórí méjèèjì. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé igba igba ni wọ́n ń ka ebè, iye igba tí alágbàṣe bá kọ ló ń gbowó lé. Lórí ilẹ̀ Bàbá Àgbà, ó kọ igba mẹ́wàá, ìyẹn ẹgbàá, 2,000. Lórí tiwa, igba mẹ́jọ ló rí kọ, ẹgbẹ̀jọ, 1,600.

Màmá mi ní, "Ọkùnrin kan náà, ọkọ́ kan náà. Ibo ni igba ebè méjì wọlẹ̀ sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, alágbàṣe yẹn ló fi ọ̀lẹ ṣe é. Téèpù kì í parọ́." Lóòótọ́, téèpù kò parọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tí téèpù ń sọ.

Yàrà tí a fi ń pe ìlú

Kí a tó dé ibi ìṣirò, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ etí ilẹ̀ àti inú ilẹ̀ wà nínú orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀.

Ìtàn ìdílé ọba sọ pé Fágbàmílà, tí wọ́n ń kì ní Ajagùnńlá, ọmọ Odùduwà, ló jáde láti Ifẹ̀, tó sì di Ọ̀ràngún. Àdá kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogbó, tó ń la ọ̀nà fún un. Àwọn àgbà ní "Ogbó mọ̀nà" yẹn ló di Ìgbómìnà. Kí àwọn èèyàn wa tó dé ibi tí wọ́n wà lónìí, wọ́n gbé ní ibi tí à ń pè ní Ìlá Yàrà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín sí méjì: àwọn kan lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, àwọn kan lọ sí Òkè-Ìlá. Títí dòní, Ọ̀ràngún wà ní Ìlá, Ọ̀ràngún wà ní Òkè-Ìlá. Nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá ni ọ̀kan wà, Ifẹ́dayọ̀ sì ni èkejì.

Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Yàrà. Kì í ṣe yàrá tí à ń sùn sí o. Yàrà ni kòtò jíjìn tí wọ́n ń gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde ni wọ́n ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, tó ń di odi. Fẹ́ǹsì ìlú nìyẹn. Ìlú wa ló ń jẹ́ orúkọ fẹ́ǹsì rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá ni Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó 20 mítà. Òyìnbó kan, Patrick Darling, fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó sì wọ̀n ọ́n láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ẹ ronú sí i: ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbẹ́ yàrà, gígùn etí ló ń ṣiṣẹ́ lé. Bí etí bá fi ìlọ́po méjì gùn, iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n inú ni ìlú ń jẹ: ilé, ọjà, kànga, oko etílé. Ìbéèrè náà wá ni pé: báwo ni èèyàn ṣe lè fi etí kékeré gba inú ńlá?

Ẹ mú okùn 620 fíìtì. Ẹ fi ṣe ilẹ̀ tó fẹ̀ ní 10, tó gùn ní 300: inú rẹ̀ jẹ́ 3,000. Ẹ fi ṣe 100 sí 210: inú rẹ̀ jẹ́ 21,000. Ẹ fi ṣe 155 sí 155, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún: 24,025. Ẹ fi ṣe òbìrípo bí ẹnu odó: ó lé ní 30,500. Okùn kan náà o! Inú ló ń yí padà.

Àlọ́ àtijọ́ kan wà nípa èyí. Wọ́n ní nígbà tí ọbabìnrin Dido dé etíkun tí a mọ̀ sí Tùnísíà lónìí, ó ní kí wọ́n ta ilẹ̀ tí awọ màlúù kan lè bò fún òun. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ó gé awọ náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó fi yí òkè kan po, ibẹ̀ ló di ìlú Carthage. Àlọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kì í ṣe àlọ́.

Àwọn tí okùn tàn jẹ ṣáájú wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àṣìṣe ilé wa ti pẹ́ láyé.

Polybius, òǹkọ̀tàn ará Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,150 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlú méjì tí etí wọn bá dọ́gba, inú wọn náà dọ́gba. Ó fi ìlú tirẹ̀ gan-an, Megalopolis, ṣe àpẹẹrẹ. Etí Megalopolis jẹ́ 50 stadia, ti Sparta jẹ́ 48. Síbẹ̀ Sparta fi ìlọ́po méjì tóbi ju Megalopolis lọ. Ó ní àwọn tó ń ṣòṣèlú àti àwọn ọ̀gágun pàápàá kì í gbà á gbọ́, torí wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ nílé ìwé.

Proclus, ọ̀mọ̀wé kan ní Áténì ní nǹkan bí 1,550 ọdún sẹ́yìn, sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní àwọn kan wà nígbà àtijọ́ tí wọ́n ń rẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ nídìí ìpín ilẹ̀. Wọ́n á fún ẹnìkejì ní èyí tí etí rẹ̀ gùn, àwọn á mú èyí tí inú rẹ̀ tóbi. Àwọn èèyàn á tún máa yìn wọ́n pé olóòótọ́ ni wọ́n!

Ọ̀nà tí alágbàtà ilẹ̀ wa gbà ṣírò ńkọ́? Ó wà lára ògiri tẹ́ńpìlì Edfu ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti kọ àwọn oko tí ọba fi ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ sílẹ̀ ní èyí tó lé ní 2,000 ọdún. Wọ́n á kó ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra jọ, wọ́n á pín in sí méjì. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù. Wọ́n á wá sọ èsì méjèèjì di púpọ̀. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún, ó péye. Bí igun bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ló máa ń mú kí ilẹ̀ tóbi ju bó ṣe rí lọ. Kì í dín in kù rárá.

Kí ló dé? Ẹ dá fídíò dúró kí ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú páálí Indomie, ẹ ṣí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó ku ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kúrú, kò gùn. Ṣùgbọ́n inú ń kéré sí i, títí páálí fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wa nìyẹn. Níwájú ilẹ̀ Bàbá Àgbà, ọ̀nà lọ gbọọrọ. Nígbà tó dé iwájú tiwa, ọ̀nà yà, iwájú ilẹ̀ sì yà tẹ̀ lé e. Ààlà ẹ̀yìn yà bákan náà. Páálí tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ la gbà.

Ọgbọ́n onígun mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́féyọ̀. Ní 1620 ni Edmund Gunter, ará Ìlú Ọba, ṣe ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 66 fíìtì. Ṣéènì mẹ́wàá onígun mẹ́rin ló di éékà kan, 43,560 fíìtì onígun mẹ́rin. Irú ṣéènì yẹn ló bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé Èkó. Herbert Macaulay, tí ojú rẹ̀ wà lára owó náírà kan àtijọ́, sọ́féyọ̀ ni kó tó di olóṣèlú. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Plymouth ní 1890, ó padà dé ní 1893, ó ṣe sọ́féyọ̀ ilẹ̀ ìjọba ní Èkó, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1898. Ní 1908 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sọ́féyọ̀ sílẹ̀, èyí tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ lónìí, Federal School of Surveying.

Ọgbọ́n ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn kò ṣòro. Ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin lè fì bíi páálí, ṣùgbọ́n ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta kò lè fì. Bí ẹ bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrísí kan ṣoṣo ló lè ní. Nítorí náà, ẹ pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́ta méjì. Ẹ ta téèpù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kó dábùú àárín ilẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo yẹn ni alágbàtà wa kò ṣe.

Heron, ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ló kọ ìlànà tí ẹ lè ṣe lórí fóònù yín sílẹ̀. Ẹ wo tiwa. Ìdábùú kúkúrú jẹ́ 170 fíìtì. Onígun mẹ́ta kan wá ní 100, 210 àti 170. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 480. Ẹ pín in sí méjì: 240. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 240: ó ku 140, 30 àti 70. Ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀: 240 × 140 × 30 × 70, ó jẹ́ 70,560,000. Ẹ tẹ àmì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín: 8,400. Onígun mẹ́ta kejì bá a dọ́gba, nítorí náà gbogbo ilẹ̀ wa jẹ́ 16,800.

Wọ́n ní 21,000, 16,800 la gbà. 4,200 ló sọnù. Púlọ́ọ̀tì 50 sí 100 tí à ń tà ní apá ọ̀dọ̀ wa jẹ́ 5,000, ẹ wá ro ohun tí 4,200 jẹ́.

Ẹ wá wo ebè. 16,800 sí 21,000, bíi 8 sí 10 ni. Ẹgbẹ̀jọ sí ẹgbàá, 8 sí 10! Alágbàṣe tí mo pè ní ọ̀lẹ, inú ilẹ̀ ló fi ọkọ́ wọ̀n fún wa, ó sì wọ̀n ọ́n pé.

Owó fẹ́ǹsì

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àpò. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íńṣì 18, ìyẹn fíìtì kan àbọ̀, ó ga ní íńṣì 9. Fẹ́ǹsì fíìtì mẹ́fà gba ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ. Ẹ pín etí ilẹ̀ sí 1.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Fún 620 fíìtì, ìlà kan gba 414, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,312. Ẹ yọ ti géètì kúrò: géètì fíìtì 12 dín búlọ́ọ̀kù 64 kù. Sìmẹ́ńtì, yanrìn, fáńdéṣọ̀n, òpó àti owó bíríkìlà, etí ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Iye búlọ́ọ̀kù kan náà la fẹ́ rà. Bàbá Àgbà á fi tirẹ̀ yí 21,000 ká, àwa á fi tiwa yí 16,800. Fẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ni ì bá fi òǹtẹ̀ lu àṣìṣe náà, torí bí ògiri bá ti dúró, ta ni ó tún wó o?

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlá. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Bí mo ṣe ṣàlàyé tán, ojú Bàbá Àgbà yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé o wá sọ pé mo rẹ́ ọmọ àbúrò mi jẹ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà pé ó dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi àti bọ̀ọ̀dá jọ wọ̀n ọ́n lójú yín."

Èmi àti ọmọ wọn ta téèpù. Lórí ilẹ̀ wọn, ìdábùú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 233 fíìtì. Lórí tiwa, ọ̀kan 170, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 282. Bàbá Àgbà kò wo fóònù mi rárá. Wọ́n ní kí wọ́n pe alágbàṣe. Wọ́n bi í pé, "Igba mélòó lo kọ níhìn-ín? Mélòó lo kọ lọ́hùn-ún?" Ó sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi: "Ebè ti sọ ọ́ tipẹ́. A kàn ń sanwó rẹ̀ ni, a ò gbọ́."

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí. Ilẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 37,800, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 18,900. 2,100 ló yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ààlà tó wà láàárín wa gùn ní 210 fíìtì, nítorí náà a kàn sún un ní fíìtì mẹ́wàá. Bàbá Àgbà fọwọ́ ara wọn gbin pèrègún sójú ààlà tuntun, bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́. Sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló wá ya àwòrán rẹ̀ kí ìwé tó jáde, torí ìṣirò orí fóònù kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o.

Èrè kan tún jáde tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Kàkà kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ ògiri tirẹ̀ sí ààlà náà, a gbà láti jọ mọ ọ̀kan ṣoṣo. 210 fíìtì gba búlọ́ọ̀kù 1,120. Ká ní 600 náírà ni búlọ́ọ̀kù kan, 672,000 náírà la ò ná dànù, láìka sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó ilẹ̀ jọ, ẹ̀yin tí wọ́n ń fi àwòrán ilẹ̀ ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, ẹ mú èyí lọ: bí wọ́n bá sọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin fún yín, etí ilẹ̀ ni wọ́n sọ, ó tó fún owó fẹ́ǹsì. Kò tíì tó fún owó ilẹ̀. Ẹ bèèrè ìdábùú méjèèjì. Bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra bá dọ́gba, tí ìdábùú méjèèjì sì dọ́gba, igun ilẹ̀ gún. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ rántí páálí Indomie.

Mo ti bẹ màmá mi pé kí wọ́n dárí jì mí. Alágbàṣe náà ńkọ́? Mo ra mọ́líìkì àti ṣúgà lọ fún un. Kò mọ ìdí rẹ̀, ó kàn ṣàdúrà fún mi.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹbí yín tó fẹ́ ra ilẹ̀ kí ó tó sanwó. Ó dàbọ̀ o.